Nẹ́gátíìfù bàbá àgbà mi ń rùn, àwọn kan ti lẹ̀ pọ̀. Kí ni kí n ṣe?

ọmọ_onífótò | Ọjọ́ Ajé, 7:52 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa fótò àtijọ́ kó bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá tó bí màmá mi, fótò ni wọ́n ń yà jẹun ní Ìtòkú níbí l'Abẹ́òkúta, láti bíi 1936 títí wọ́n fi sinmi iṣẹ́. Wọ́n ti lọ tipẹ́. Àpótí irin wọn kan wà lórí àjà, lábẹ́ páànù gan-an, láti kékeré la ti ń gbọ́ pé ká má fọwọ́ kàn án, a ò sì fọwọ́ kàn án. Lọ́sẹ̀ tó kọjá òrùlé ń jò, káfíńtà gòkè lọ, ló bá gbé e sọ̀ fún wa.

Bí mo ṣe ṣí i, òórùn tó jáde níbẹ̀, hẹ̀n! Ó ta mí nímú bí ásíìdì bátìrì mọ́tò, kàfúrà tún wà nídìí ẹ̀ díẹ̀, omi bọ́ lójú mi, orí sì ń fọ́ mi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àwọn tó jẹ́ dígí wà níbẹ̀, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé wọn, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Àwọn tó jẹ́ fíìmù ni wàhálà. Àwọn kan ti pọ́n bíi tíì tí ò ní mílíìkì. Àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ bí oyin. Ìdì méjì ti lẹ̀ pọ̀ di odindi, bí ọṣẹ tí omi kán sí tó tún wá gbẹ. Àpò ìwé kan wà, mo tú u wò, fíìmù kankan ò sí nínú ẹ̀ mọ́, ìyẹ̀fun búráùn lásán ni, àfi bí aáṣà. Píìnì irin tí wọ́n fi há àwọn àpò náà pọ̀ ti dípẹtà títí ó fi já.

Èyí tó dùn mí jù ni ọ̀kan tí mo gbé sókè síná, mo rí ìyá ìyá mi lọ́mọge, wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́wọ́ lé orúnkún, àmọ́ etí fíìmù ọ̀hún ti ń dán bíi dígí, ojú wọn ti ń parẹ́ lọ. Ṣé ó ṣeé gbà là? Ṣé òórùn yẹn léwu? Ọmọ kékeré méjì ló wà nílé o.

Sùúrù_Ìjẹ̀bú | 8:10 àárọ̀

Kò le tó bẹ́ẹ̀ jàre. Ọ̀rinrin ló mú un. Sá wọn sóòrùn fún ọjọ́ méjì, fi spíríìtì nu èyí tó ń lẹ̀, kó o wá kó gbogbo ẹ̀ sínú ọ̀rá, kó o dì í pinpin kí atẹ́gùn má wọlé. Bí mo ṣe ṣe ìwé ilẹ̀ bàbá mi nìyẹn, ó wà dòní.

Àǹtí_Kẹ́mísìrì | 8:41 àárọ̀

Sùúrù, ẹ má bínú sí mi o, nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yẹn, kò sí èyí tí ò lè dá iná sílé ọmọ ọlọ́mọ. Ìwé kọ́ nìyí.

Ọmọ_onífótò, ohun tó o ṣàpèjúwe yìí, nitrocellulose ni. Nitrate làwọn onífótò ń pè é. Òwú ni ìpìlẹ̀ ẹ̀, òwú tá a fi ń hun aṣọ yìí náà, tí wọ́n fi ásíìdì yí padà. Schönbein tó ń ṣiṣẹ́ ní Basel, ní Switzerland, ló mú èyí tó lágbára jáde ní 1846, ibi tí ojú gbogbo ayé sì kọ́kọ́ lọ ni ìbọn. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀tù tí kì í rú èéfín. Ohun tó mú ẹ̀tù yàtọ̀ sí fíìmù ò ju iye nitrogen tó wà nínú ẹ̀ lọ: tó bá ti kọjá nǹkan bíi 12.6 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ti di ti oníbọn, tó bá wà láàárín bíi 11 sí 12, òun ni wọ́n fi ń ṣe fíìmù, àti kùn, àti bọ́ọ̀lù tẹníìsì orí tábìlì ayé àtijọ́. Wọ́n á wá po kàfúrà mọ́ ọn kó lè máa rọ̀, kó má máa kán. Kàfúrà tó o gbọ́ nídìí òórùn yẹn nìyẹn, ìyá ẹ kọ́ ló kó o sí i.

Bó ṣe ń bàjẹ́ rèé. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, nitrate tó wà lára ẹ̀ á máa já díẹ̀díẹ̀, á máa tú gáàsì jáde, nitrogen dioxide. Gáàsì yẹn bá ọ̀rinrin pàdé, ó di ásíìdì. Ásíìdì yẹn á wá yíjú padà sí fíìmù tó ti inú ẹ̀ jáde, á máa jẹ ẹ́, òmíràn á tún já, gáàsì á tún pọ̀ sí i. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi lè wà fún ogójì ọdún kó má ṣe nǹkan kan, kó wá bàjẹ́ tán láàárín ọdún díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá dì í pinpin sínú ọ̀rá, ẹ ti há gáàsì yẹn mọ́ ọn nìyẹn. Ooru sì ń mú kó yá, tẹ́ ẹ bá sá a sóòrùn ẹ̀ ń lé e léré ni. Spíríìtì lè yọ́ èyí tó ti rọ̀, òun fúnra ẹ̀ sì ń gbiná.

Ásíìdì kan náà ló jẹ píìnì ẹ. Òun náà ló rọ ojú fíìmù tó fi ń lẹ̀ mọ́ ẹ lọ́wọ́, òun ló sì ń pa fàdákà tó ya ojú ìyá yín rẹ́. Kò sóògùn tó lè wò ó sàn, ẹ kàn lè fà á sẹ́yìn ni. Kó gbogbo àpótí yẹn kúrò níbi táwọn ọmọ ń sùn lónìí, kì í ṣe lọ́la.

Tọ́ọ̀ṣì_Alẹ́ | 9:03 àárọ̀

Ọ̀nà kan ṣoṣo téèyàn fi lè mọ̀ dájú ni kó gé etí ẹ̀ díẹ̀ kó ṣáná sí i. Tó bá jó wàìwàì pẹ̀lú iná pupa rẹ́súrẹ́sú, nitrate ni. Tó bá kàn ń yọ́ bíi ọ̀rá, kì í ṣe òun. Ọ̀gá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ fótò ló fi hàn mí.

Ẹ̀gbọ́n_Panápaná | 9:27 àárọ̀

TỌ́Ọ̀ṢÌ, Ẹ JỌ̀WỌ́ O. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ panápaná kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọdé yìí wà nínú ilé, àpótí tó ń tú gáàsì wà níwájú ẹ̀, ẹ ní kó ṣáná.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bí iná nitrate ṣe rí, torí kò dà bí iná tí ẹ mọ̀. Iná igi, iná epo, atẹ́gùn ni wọ́n ń mí, ẹ bò ó mọ́lẹ̀ á kú. Nitrate gbé atẹ́gùn tiẹ̀ dání nínú ara ẹ̀. Ẹ da yẹ̀pẹ̀ bò ó, á máa jó lábẹ́ yẹ̀pẹ̀. Ẹ fi kúbùsù tútù bò ó, á máa jó. Bó bá ti ràn dáadáa, ẹ tì í bọ omi, á ṣì máa jó nínú omi. Sìlíńdà pípaná aláfẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ gbé há ara ògiri yẹn ò lè ràn yín lọ́wọ́. Omi púpọ̀ ni àwa máa ń dà sí i, láti fi tu àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lára kí wọ́n má ràn, èyí tó ti ń jó, ó di ìgbà tó bá jó tán. Tó bá gbiná, ẹ jáde, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ sáré.

Iná yẹn gan-an kọ́ ló tún ń pani jù. Ní May 15, 1929, fíìmù X-ray gbiná ní abẹ́ ilé ilé ìwòsàn kan ní Cleveland, ní Amẹ́ríkà. Èèyàn mẹ́tàlélọ́gọ́fà (123) ló kú. Èéfín ló pa púpọ̀ nínú wọn, kì í ṣe ọwọ́ iná. Àwọn kan fẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde, wọ́n ní ara àwọn le, ó di wákàtí mélòó kan kí ẹ̀dọ̀fóró wọn tó kún fómi. Nítorí náà ẹni tó bá fa èéfín ẹ̀ símú, kódà bó ń rẹ́rìn-ín, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Èyí tó ti ń bàjẹ́, ibi tí ooru bá ti tó bíi ogójì lórí ìwọ̀n Celsius fún ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n sì tò ó jọ pọ̀, ó lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ ti gun orí àjà ilé onípáànù lóṣù kẹta rí?

Tọ́ọ̀ṣì_Alẹ́ | 9:31 àárọ̀

Mo ti gbọ́ sà. Mo tọrọ gáfárà. Ọ̀gá mi ṣe é níta gbangba ni, àmọ́ mo ti gbọ́.

Ará_Peckham | 10:15 àárọ̀

Ẹ kúu àárọ̀ láti ìlú ọba. Ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àti fótò àtijọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, ọ̀rọ̀ tó kàn mí rèé.

Mo fara mọ́ Àǹtí, àmọ́ ẹ jẹ́ n tún ibì kan ṣe: kì í ṣe gbogbo fíìmù inú àpótí yẹn ló máa jẹ́ nitrate. Kodak fi nitrate sílẹ̀ lórí fíìmù X-ray ní 1933, lórí fíìmù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kì bọ kámẹ́rà lọ́kọ̀ọ̀kan ní 1939, lórí èyí tí wọ́n ń ká ní 1950, lórí ti sinimá ní 1951. Àwọn ilé iṣẹ́ yòókù ò dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kan náà. Bàbá àgbà ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 1936 wọ́n sì ṣe é pẹ́, oríṣi méjèèjì ló máa wà níbẹ̀.

Láti mọ̀ ọ́n láìṣáná: wo etí fíìmù náà lòdì sí ìmọ́lẹ̀. Wọ́n máa ń tẹ NITRATE tàbí SAFETY sí i, safety ni oríṣi kejì tí kì í tètè gbiná. Tí kò bá sí lẹ́tà, wo igun ẹ̀, wọ́n máa ń gé àmì síbẹ̀ kí onífótò lè fọwọ́ mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn. Lára fíìmù Kodak ayé ìgbà yẹn, tí àmì àkọ́kọ́ láti etí bá ṣẹnu ṣóńṣó bíi V, nitrate ni, tó bá rí rogodo bíi U, safety ni. Imú náà ń ṣiṣẹ́. Safety tó ń bàjẹ́ máa ń rùn bíi fínígà, ó máa ń súnkì, ó máa ń hunjọ bí awọ ìlù tó tutù. Nitrate ló ń ta imú bí èyí tó o sọ. Àmọ́ má fi imú kàn án o, èyí tó o ti gbọ́ ti tó.

Kó dígí lọ sọ́tọ̀, kó safety lọ sọ́tọ̀, kó nitrate lọ sọ́tọ̀. Fótò orí ìwé náà, má fi sítòsí nitrate rárá, gáàsì ẹ̀ á bà á jẹ́.

Lẹ́yìn náà, fírísà. Òtútù ni ohun kan ṣoṣo tó ń dá a dúró gidi. Àwa níbí, inú yìnyín là ń fi sí.

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Yìnyín | 10:40 àárọ̀

Ará Peckham ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Fírísà mẹ́fà ni mo ní ní ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ bi yín léèrè, ta ló máa máa sanwó epo jẹnẹrétọ̀? Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n mú iná lọ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ẹja títùs mi bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, mo fi àpò ìrẹsì wé e, omi ṣì ń kán sílẹ̀. Ẹ wá ní kó gbé nǹkan tí omi àti ooru ń bà jẹ́ sínú ẹ̀, kó máa yìnyín, kó máa yọ́, kó máa yìnyín. Ẹja gan-an ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àǹtí_Kẹ́mísìrì | 10:52 àárọ̀

😂😂 Mọ̀mí ti parí ẹ̀.

Ará_Peckham | 11:20 àárọ̀

Mo gbà mà, ẹ jàre mi. Mo gbàgbé NEPA. Fírísà tí iná ẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ á bu omi sí i lára ni, ìyẹn sì burú ju pé kó wà níta lọ.

Kí ọmọ_onífótò ṣe báyìí nígbà náà: yàrá ìsàlẹ̀ tó tutù jù nílé, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ò kàn, tí fèrèsé ẹ̀ ń ṣí. Má tò ó jọ sójú kan. Ìwé lásán ni kó o fi wé e lọ́kọ̀ọ̀kan, páálí tó ṣeé mí ni kó o kó o sí, kì í ṣe àpótí irin tó dé pa, kì í ṣe ọ̀rá. Má fi sítòsí fíríìjì, sítóòfù, ínfátà. Kẹ́ ẹ sì tètè ya àwòrán wọn kó tó pẹ́ jù, torí tí ẹ bá ti yà á tán, ẹ ti gba ojú ìyá àgbà sílẹ̀ nìyẹn, kí fíìmù ẹ̀ máa bá tiẹ̀ lọ.

Bọ̀dá_Sípíréè | 12:06 ọ̀sán

Èmi ò kọ ọ̀rọ̀ yín o, àmọ́ ẹ ti ń dẹ́rù ba ọmọ yìí jù. Iṣẹ́ àga àti bẹ́ẹ̀dì ni mo ń ṣe, kùn NC la fi ń sípíréè wọn lójoojúmọ́, wọ́n kọ ọ́ sára kánńbù: nitrocellulose. Ogún ọdún rèé. Kò sí àga mi tó bú gbàmù rí.

Àǹtí_Kẹ́mísìrì | 12:30 ọ̀sán

Òótọ́ lẹ sọ sà, òun kan náà ni. Àmọ́ tiyín tẹ́ẹ́rẹ́ lójú igi, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, gáàsì yòówù kó jáde lára ẹ̀, kò ríbi dúró sí. Ẹ ti rí i pé ó ń pọ́n bó bá pẹ́, àbí? Àga funfun á di aláwọ̀ bọ́tà, á máa sán wẹ́wẹ́. Ohun tó ń ṣe fíìmù náà ló ń ṣe é, kò kàn kánjú ni.

Bó bá pọ̀ lójú kan tó tún gbẹ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù ẹ̀. Tianjin ní Ṣáínà, August 12, 2015: nitrocellulose ló wà nínú kọ̀nténà, ó yẹ kó máa tutù, ohun tí wọ́n fi rin ín ti gbẹ, ooru mú, ó gbóná fúnra ẹ̀ títí tó fi gbiná, iná yẹn ló ran ajílẹ̀ ammonium nitrate tó wà nítòsí. Èèyàn mẹ́tàléláàádọ́sàn-án (173) ló lọ sí i, àwọn tí wọn ò rí òkú wọn náà wà níbẹ̀. Àkísà tẹ́ ẹ fi ń nu kùn yẹn ńkọ́, ibo lẹ̀ ń kó o jọ sí?

Bọ̀dá_Sípíréè | 12:34 ọ̀sán

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni. Ẹ ṣé mà, màá palẹ̀ ẹ̀ mọ́.

ọmọ_onífótò | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé gbogbo yín. Mo ti gbé e kúrò nínú ilé, ó wà ní yàrá ẹ̀yìn tá à ń kó iṣu sí tẹ́lẹ̀, fèrèsé méjì ló wà níbẹ̀. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo sì ń jáde síta lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohun tí mo rí: dígí jẹ́ 44. Èyí tí wọ́n kọ SAFETY sí jẹ́ 118, mẹ́wàá nínú wọn ń rùn fínígà lóòótọ́, wọ́n ti hunjọ. Èyí tó ní NITRATE tàbí àmì V jẹ́ 73, láìka ìdì méjì tó ti di òkúta àti ìyẹ̀fun yẹn. Ìyá àgbà wà nínú àwọn 73.

Ará Peckham, ṣé kí n kúkú fi ránṣẹ́ sí yín? Àbúrò mi ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù tó ń bọ̀, ó ní òun lè kì í bọ àpò.

Ará_Peckham | 6:44 ìrọ̀lẹ́

RÁRÁ. Má jẹ́ kí àbúrò ẹ gbé e wọ bàálù. Fíìmù nitrate wà nínú ìwé àwọn ẹrù eléwu, nọ́ńbà ẹ̀ ni UN 1324, ọ̀wọ́ 4.1. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kì bọ àpò aṣọ. Yà á níbẹ̀.

Lẹ́ǹsì_Ìbàdàn | 8:05 alẹ́

Yíyà ò le, fóònù tó dáa tó. Wá tábúlẹ́ẹ̀tì, ṣí ojú ewé funfun lórí ẹ̀, tan ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ dókè. Yọ dígí lára férémù fótò kan, fi ìdérí ìgò mẹ́rin gbé dígí náà sókè kúrò lójú tábúlẹ́ẹ̀tì, bí ìka méjì. Ìwúlò ẹ̀ jẹ́ méjì: ooru tábúlẹ́ẹ̀tì ò ní kan fíìmù, àwọn tótòtó ojú ẹ̀rọ ò sì ní hàn nínú àwòrán. Gé páálí dúdú yí fíìmù ká kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ má wọlé, pa iná yàrá. Gbé fóònù sórí nǹkan tí ò mì, má fi ọwọ́ dì í mú. Yà á lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, yí àwọ̀ ẹ̀ po nínú fóònù, dúdú á di funfun. Má lo bọ́ọ̀bù gílóòbù àtijọ́ sábẹ́ ẹ̀ o, ìyẹn gbóná.

Èyí tó bá ń lẹ̀, má nu ún, má fi nǹkan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Yà á bó ṣe wà. Ìdì tó di òkúta, má fi ọ̀bẹ là á, mo ti rí ẹni tó ṣe é, gbogbo ojú àwòrán bọ́ tẹ̀lé ọ̀bẹ.

Ọmọ_Èkó_SãoPaulo | 11:48 alẹ́

Mo kàn ní kí n kí yín láti Brazil. Ibi tí wọ́n ń tọ́jú fíìmù sí níbí, Cinemateca Brasileira, nitrate ti jó wọn ní 1957, 1969, 1982, ó tún jó wọn ní 2016, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan róòlù ló lọ sí ti ìgbẹ̀yìn yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé àpótí kan ṣoṣo kéré, ẹ ṣọ́ra. Àmọ́ mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé kó kó gbogbo ẹ̀ dànù o. Sinimá tí wọ́n kọ́kọ́ fi han àwọn èèyàn wa ní Glover Hall l'Ékòó ní 1903, orí nitrate náà ló wà, ta ló rí i mọ́?

Sùúrù_Ìjẹ̀bú | Ọjọ́rú, 7:15 àárọ̀

Mo ti kà á tán. Mo fà sẹ́yìn lórí ọ̀rá àti oòrùn. Ìbéèrè mi ni pé èyí tó ti di òkúta àti ìyẹ̀fun ńkọ́, inú ààtàn kọ́?

Ẹ̀gbọ́n_Panápaná | 7:50 àárọ̀

Ó dáa tẹ́ ẹ bi í. Kì í ṣe ààtàn, kì í ṣe inú igbó, ẹ má sì sun ún. Ìyẹ̀fun yẹn ló léwu jù níbẹ̀. Kó wá korobá oníke tó ní omi, kó rọra fi gbogbo àpò ìwé náà rì sínú omi, kó má tú u, kó má gbọ̀n ọ́n, ìdì méjì yẹn náà kó rì wọ́n sínú omi. Kó gbé korobá sí abẹ́ igi níta, kó fi nǹkan bò ó lórí, kó má dé e pinpin. Lẹ́yìn náà kó lọ bá àwọn panápaná ìpínlẹ̀ lójúkojú, kó pe orúkọ nǹkan náà fún wọn: nitrocellulose tó ti bàjẹ́. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè má rí irú ẹ̀ rí. Tí wọ́n bá fẹ́ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré, kó sọ fún mi, mo ṣì mọ àwọn kan níbẹ̀.

ọmọ_onífótò | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:30 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Korobá ti wà níta, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n.

Mo ti ya 61 nínú àwọn 73. Méjìlá yòókù, kò sí ohun tó hàn lára wọn mọ́ ju àbàwọ́n lọ. Ìyá àgbà jáde! Ojú òsì ti lọ, ó dà bíi pé wọ́n da mílíìkì sí i, àmọ́ ẹnu wọn, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn, ọwọ́ tí wọ́n gbé lé orúnkún, gbogbo ẹ̀ ló hàn. Àdìrẹ ni wọ́n ró, èèyàn lè ka ọnà ara ẹ̀. Nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, òjìji ọkùnrin kan wà lórí ilẹ̀, ó wọ fìlà, ó tẹ̀ ba lórí kámẹ́rà. Màmá mi wò ó, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi wọ yàrá lọ.

Ó ku ìbéèrè kan. Ẹ̀yìn wọn, ilé alájà kan wà níbẹ̀, ó ní fèrèsé onígi mẹ́ta àti àtẹ̀gùn níta, ohun kan tó jọ kìnnìún wà lórí ilẹ̀kùn. Ṣé ẹni tó mọ Ìtòkú dáadáa wà níbí?

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Yìnyín | 9:44 alẹ́

Fi àwòrán náà síbí ká rí i. Tó bá jẹ́ ilé oníkìnnìún tí mò ń rò, abẹ́ àtẹ̀gùn yẹn ni ìyá mi ti ń ta ẹ̀kọ.